Ẹ gé àfòmọ́, ẹ má gé igi!

Ọ̀rọ̀ ìbò kọ́ ni a mú wá lónìí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìjọba ni. Igi ìlú wa ń kú lójú wa, a sì ń wò ó.

Nígbà ọyẹ́, tí ọ̀pọ̀ igi bá ti wọ́wé, ẹ gbójú sókè wo àwọn igi ẹ̀bá ọ̀nà, ti ọgbà ilé-ẹ̀kọ́, ti ọjà àti ti iwájú ààfin. Ẹ ó rí ẹ̀ka tí kò léwé mọ́, tí ìdì ewé tútù kan sì jókòó lé e lórí, tó ń dán bí ẹni pé òjò ń rọ̀ fún òun nìkan. Ewé yẹn kì í ṣe ti igi náà. Àfòmọ́ ni.

Àwọn àgbà ní àfòmọ́ kò ní gbòǹgbò, igi gbogbo ló ń bá tan. A mọ òwe yìí dáadáa, òun la fi ń bú ẹni tó bá ń jẹ lára ẹlòmíì. Àmọ́ igi tí òwe náà ti jáde wá, a ò wò ó mọ́.

Ẹ jẹ́ ká sọ bó ṣe ń ṣe é. Ẹyẹ ló ń jẹ èso àfòmọ́. Kóró inú èso náà ń lẹ̀ bí àtè. Bí ẹyẹ bá yàgbẹ́ rẹ̀ sórí ẹ̀ka, tàbí tó fi ẹnu nu ún síbẹ̀, ó lẹ̀ mọ́ ọn nìyẹn. Á hù, á gún èèpo igi wọlé, á wá máa mu omi àti ohun tó wà nínú omi náà. Lóòótọ́, ewé rẹ̀ ń fi oòrùn ṣe oúnjẹ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo omi tó ń lò, ti onílé ni. Ẹ̀ka tó wà níwájú ibi tó jókòó sí á máa rù, á sì gbẹ. Òrombó, gúáfà, obì, emi, dongoyaro, kò sí èyí tí kì í gùn nínú wọn. Ẹyẹ á tún gbé e láti igi kan dé òmíràn.

Kí ni ìdáhùn tí à ń gbọ́ tí a bá fẹjọ́ sùn? "Igi yẹn ti bàjẹ́, ẹ gé e lulẹ̀." Háà! Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Igi tó fi àádọ́ta ọdún dàgbà, ayùn ẹlẹ́rọ á pa á láàárín wákàtí kan. Ìtìjí tí àwọn ìyá wa fi ń tajà lọ nìyẹn. Pákó àti igi ìdáná ibẹ̀ ńkọ́, ta ló ń gba owó rẹ̀? Ìbéèrè la bi o, a ò ní ẹnikẹ́ni jalè.

Lọ́dọọdún, ní ọjọ́ 1 oṣù kẹfà, a máa ń ṣe ọjọ́ igi ní Bẹ̀nẹ̀ yìí. Ní 2013, ìjọba ní mílíọ̀nù 10 èèyàn, mílíọ̀nù 10 igi. Ó dára. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń bímọ tí kò tọ́jú èyí tó ti bí, kí la ó pè é? Òfin 97-029 ti oṣù kìíní ọdún 1999, èyí tí a lò títí di 2021, kò sọ pé kí mẹ́rì kàn gbin igi. Ó ní kí kọ́múnù gbìn ín, kó sì tọ́jú rẹ̀. Ìtọ́jú yìí ni a ń bèèrè.

Ìtọ́jú náà kò le. Fífi ọwọ́ já àfòmọ́ kò tó, nítorí èyí tó kù nínú igi á tún rú. Ẹ̀ka tó gùn ni kí wọ́n gé, kí wọ́n gé e ní ìwọ̀n ìgbọ̀nwọ́ kan sí ìsàlẹ̀ ibi tó lẹ̀ mọ́, lápá ìdí igi. Kí wọ́n ṣe é kí èso rẹ̀ tó pọ́n, kí wọ́n sì padà wá wò ó lọ́dún tó ń bọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má da oògùn apakoríko sí i: omi kan náà ni àfòmọ́ àti igi jọ ń mu, oògùn náà lè pa onílé mọ́ àlejò. Igi tó ti kú tán, tó fẹ́ wó lu èèyàn, òun nìkan ni kí wọ́n gé lulẹ̀.

Àwọn kan á ní oògùn ni àfòmọ́. Òótọ́ ni, àwọn oníṣègùn wa ń lò ó. Ẹ wá kó èyí tí a bá gé, kó má ṣòfò. Àmọ́ igi tó bá ti kú, àfòmọ́ rẹ̀ ń kú lé e lórí ni, ẹ̀yin náà ò ní rí nǹkan já mọ́.

Àwọn mìíràn á ní igi òrìṣà ni, a kì í fọwọ́ kàn án. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ni igi náà, ọ̀dọ̀ yín la ń bọ̀. Ẹ ṣe ohun tó yẹ níbẹ̀, kí ẹ sì pàṣẹ kí wọ́n gé àfòmọ́ kúrò. Àbí ẹ̀rù igi ló ń bà wá tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń jẹ́ kí nǹkan mìíràn jẹ ẹ́ tán?

Kò sówó, ni mẹ́rì á wí. Àkàbà, ayùn ọwọ́, okùn tí ẹni tó ń gùn ún á so mọ́ ìdí, àti owó iṣẹ́ ọ̀dọ́ díẹ̀, ṣé ìyẹn ju owó ìnáwó ọjọ́ igi lọ?

Ohun tí a ń fẹ́ rèé. Kí olórí àdúgbò kọ̀ọ̀kan ka igi tí àfòmọ́ wà lórí rẹ̀ ní ọyẹ́ tó ń bọ̀ yìí, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó mú un lọ bá mẹ́rì. Kí mẹ́rì má gé igi kankan lulẹ̀ láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ sọ fún ìlú ìdí rẹ̀ àti ibi tí pákó rẹ̀ ń lọ. Kí onílé kọ̀ọ̀kan gé tiẹ̀ nínú ọgbà rẹ̀, nítorí ẹyẹ kì í mọ ààlà.

Tí a bá ṣe èyí, a lè wá fi ojú rere gbin òmíràn ní ọjọ́ 1 oṣù kẹfà. Bí a kò bá ṣe é, oúnjẹ àfòmọ́ la kàn ń gbìn.