Ojú ni Àlejò Ní, Kò Fi Ríran: Ọ̀rọ̀ Ọdún ní Etí Òkun Apá

Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Wọn kò fi òwe yìí bú àlejò, nítorí Yorùbá kì í bú ẹni tó wọlé tọ̀ ọ́. Ohun tí wọ́n ń wí ni pé ohun tó wà níwájú ẹni kì í hàn sí ẹni tí kò mọ ibi tó ti ṣẹ̀ wá. Bí oṣù Kejìlá bá ti wọlé, tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, tí ètè ń sán, tí kùrukùru sì ń bo ojú ọ̀sà láàárọ̀, ìgbà náà ni àwọn ará Èkó àti Ìbàdàn, pẹ̀lú àwọn ọmọ wa tó ti òkè òkun dé, máa ń rọ́ wá sí Àgbádárìgì. Wọ́n á wọkọ̀ ní Màrínà ìlú náà, wọ́n á ré ọ̀sà kọjá sí Gberefu tí wọ́n ń pè ní erékùṣù, wọ́n á rin iyanrìn gbígbóná lábẹ́ igi àgbọn, wọ́n á dúró díẹ̀ létí kànga tí ìtàn sọ pé wọ́n ń fún àwọn ẹrú mu nínú omi rẹ̀ kí ìrántí ilé lè kúrò lọ́kàn wọn, wọ́n á sì ya fọ́tò lẹ́bàá òpó tó dojú kọ alágbalúgbú omi, níbi tí ẹrú tó bá kọjá nígbà náà kì í ti í padà mọ́. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti lọ, wọ́n á sì máa ròyìn pé àwọn ti rí erékùṣù.

Èmi ń jiyàn pé wọn kò tíì rí i. Ìran ọdún tí wọ́n wá wò, ara iṣẹ́ òòjọ́ ló ti jáde, ẹni tí kò bá sì ka iṣẹ́ òòjọ́ náà sí, yóò pa ìran ọdún run láìmọ̀.

Ilẹ̀ tí mo ń sọ yìí kò fẹ̀. Ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ oníyanrìn ni, òkun wà ní gúúsù rẹ̀, ọ̀sà wà ní àríwá, ó bẹ̀rẹ̀ láti òdìkejì Àgbádárìgì, ó gba etí òkun ìhà ìlú Apá kọjá, ó sì ń lọ títí dé ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀. Àwọn Ògù ló pọ̀ jù níbẹ̀. Àwórì ń bá wọn gbé, Ìlàjẹ wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn Ewe tí wọ́n tẹ̀lé ẹja wá láti Keta ní ilẹ̀ Gánà, tí àwọn ọmọ wọn ti di onílé. Kí ojúmọ́ tó mọ́ kedere, àwọn ọkùnrin ti wa ọkọ̀ la ìgbì kọjá, wọ́n ti da àwọ̀n ńlá yí ojú omi ká, wọ́n sì ti mú orí okùn rẹ̀ méjèèjì padà sí èbúté. Ìgbà yìí ni iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Àgbà àti ọmọdé á di okùn mú ní ọ̀wọ́ méjì, wọ́n á máa fi ẹ̀yìn rìn, orin lẹ́nu, ẹsẹ̀ nínú iyanrìn, oòrùn á gun òkè kọjá àtàrí wọn kí ikùn àwọ̀n tó yọ lórí omi. Lọ́jọ́ mìíràn ṣáwá ló máa kún un, tí gbogbo èbúté á máa kọ yẹ̀rì. Lọ́jọ́ mìíràn ewéko òkun àti ike tí àwọn ará ìlú ńlá sọ sómi ni wọ́n máa fi gbogbo agbára wọn fà wá sílẹ̀.

Láti ìgbà tí ẹja bá ti kan iyanrìn, àwọn obìnrin ló ni ín. Àwọn ni yóò ná an, tí wọn yóò pín in, tí wọn yóò tò ó sórí ààrò, èèpo àgbọn ni wọ́n sì ń fi dáná sí i, nítorí èéfín rẹ̀ a máa mú kí ẹja pọ́n dáadáa, kí ó sì pẹ́ kí ó tó bàjẹ́. Àgbọn kan náà tí àlejò ń mu omi rẹ̀ tí ó sì ń sọ èèpo nù, kò sí ohun tó dà nù lára rẹ̀ lọ́wọ́ onílé: wọ́n á rin ẹran inú rẹ̀, wọ́n á fún un, wọ́n á sè é títí àdín yóò fi léfòó, imọ̀ rẹ̀ ni ọgbà ilé, igi rẹ̀ ni afárá kékeré tí a ń gbà bọ́ sínú ọkọ̀. Bí ọjà Àgbálátà bá pé, tí wọ́n ń ná ní ọrọọrún, ẹja gbígbẹ, àdín àti àgbọn wọ̀nyí ni wọ́n ń dì kún inú ọkọ̀ kọjá ọ̀sà, níbi tí àwọn oníṣòwò láti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ti ń dúró dè wọ́n. Mo ti gbọ́ tí ẹnìkan pe èyí ní ìṣẹ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, nítorí mo mọ iye ọmọ tí àdín àgbọn ti rán lọ sí yunifásítì.

Ẹ jẹ́ ká wo ẹ̀yìn wò díẹ̀, nítorí adìẹ funfun kò mọ ara rẹ̀ lágbà. Orúkọ Apá ti wà nínú àkọsílẹ̀ àwọn òyìnbó oníṣòwò kí ti Àgbádárìgì tó gbajúmọ̀. Nígbà tí ogun Dàhòmì fọ́ ìlú èbúté Jakin ní 1732, ìhà ilẹ̀ yìí ni Hendrik Hertogh, òyìnbó ará Holland, sá wá láti máa bá òwò rẹ̀ lọ. Àwọn mìíràn sì tẹ̀lé e: àwọn Lander, tẹ̀gbọ́n tàbúrò, gúnlẹ̀ ní oṣù Kẹta 1830 kí wọ́n tó lọ wá ẹnu odò Ọya, Thomas Birch Freeman tó jẹ́ míṣọ́nnárì dé ní oṣù Kẹsàn-án 1842, Henry Townsend tí òun náà jẹ́ míṣọ́nnárì dé ní oṣù Kejìlá ọdún náà, àwọn méjèèjì sì jọ ṣe Kérésìmesì pọ̀ ní Àgbádárìgì, èyí tí a ń kà sí àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Nàìjíríà lónìí. Gbogbo ọmọ ilé ìwé ló ti gbọ́ nípa igi Àgíyà tí Freeman ti wàásù lábẹ́ rẹ̀, tí ìjì sì wó ní 1959. Ṣùgbọ́n ta ni ó ti bèèrè bí àwọn ènìyàn wọ̀nyí ṣe dé abẹ́ igi náà? Kò sí èbúté tí ọkọ̀ ńlá lè sún mọ́ ní etí òkun yìí. Ọkọ̀ òyìnbó a dúró sẹ́yìn ìgbì lọ́ọ̀ọ́kán, àwọn atukọ̀ etí òkun ló ń fi ẹ̀mí wọn wewu láti gbé àlejò àti ẹrù rẹ̀ la ìgbì náà kọjá, wọ́n á la ilẹ̀ oníyanrìn já, wọ́n á sì tún wọkọ̀ mìíràn kọjá ọ̀sà. Àlejò ló lórúkọ nínú ìwé; onílé ló ni àjẹ̀. Ọ̀nà kan náà yìí sì ni wọ́n gbà kó àwọn ọmọ wa tí a tà lẹ́rú jáde, èyí tí ó yẹ kí a fi ìrẹ̀lẹ̀ sọ, nítorí ọwọ́ àwọn ará ilé náà kò mọ́ nínú rẹ̀.

Àwọn kan wà tí wọ́n ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu lòdì sí èyí tí mo ń wí, ọ̀rọ̀ wọn kò sì ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Wọ́n ní owó tí àlejò ń ná ní ọ̀sẹ̀ ọdún, ọ̀pọ̀ oṣù ẹja pípa kò lè mú un wọlé. Wọ́n ní kí àwọn apẹja sún sẹ́yìn, kí wọ́n fi etí òkun sílẹ̀ fún ilé ìtura, kí àwọn ọmọ wọn di òṣìṣẹ́ nínú rẹ̀. Mo gbà pé owó náà wúlò. Ọmọkùnrin tó ń fi ọ̀kadà gbé àlejò lórí iyanrìn, ìyá tó ń dín ẹja, ẹni tó ń gun àgbọn fún àwọn ọmọ Èkó, gbogbo wọn ló ń fi owó oṣù Kejìlá san owó ilé ìwé oṣù Kìíní. Ṣùgbọ́n ojú àlejò la ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ la ti ń san án. Bí a bá ta etí òkun nítorí ọ̀sẹ̀ méjì, ibo ni a óò ti fa àwọ̀n ní ọ̀sẹ̀ àádọ́ta tó kù? Ẹja wo ni ilé ìtura náà yóò dín fún àlejò bí kò sí ẹni tó ń pa á mọ́? Ìjọba sì ti ń gbèrò èbúté omi jíjìn fún Àgbádárìgì láti ọdún pípẹ́, àwọn tó ń ra ilẹ̀ dè é kò sì sùn. A kì í gbé etí odò ká máa fi itọ́ fọ ọwọ́. Mi ò fẹ́ ọjọ́ tí ọmọ apẹja yóò máa tọrọ ọ̀nà lọ́wọ́ onígèètì kó tó lè dé òkun baba rẹ̀.

Bí ó bá sì jẹ́ ìran ọdún gan-an la ń wá, èyí tí àlejò ń rí kọ́ ló dùn jù. Nígbà tí ọkọ̀ ìkẹyìn bá ti kó wọn lọ, ọdún onílé á ṣẹ̀ṣẹ̀ gbérí. Àwọn ìbátan á máa dé láti Kùtọnu àti Àjàṣẹ́ ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, nítorí ààlà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fà ní 1889 kò lè pín ọmọ ìyá níyà. Èdè Ògù, Yorùbá àti Faransé á máa bára wọn jẹun nínú àwo kan. Àwọn tó lọ sí ìsìn òru á padà dé bá Zangbeto, olùṣọ́ òru, tí ó ń yí bíríbírí nínú ẹ̀wù ìko rẹ̀, tí àwọn ọmọdé ń sá síwájú sẹ́yìn fún un, ẹ̀rù ń bà wọ́n, inú wọn sì ń dùn. Kò sí ìjà láàárín ilé ìjọsìn àti agbo Zangbeto lálẹ́ yẹn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé oníwàásù lè ní ọ̀rọ̀ láti sọ lọ́jọ́ Àìkú. Ọdún náà kì í sì í tán ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní, nítorí oṣù náà ni ọjọ́ ìsinmi fún ẹ̀sìn ìbílẹ̀ máa ń bọ́ sí ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, àwọn ará tiwa náà á sì ré ààlà kọjá lọ bá wọn yọ̀.

Nítorí náà, kí àlejò máa bọ̀, kò sẹ́ni tó lé e. Kí ó kàn tètè dé, kí ó bá wọn di okùn àwọ̀n mú, kí ó ra àdín lọ́wọ́ ìyá tó sè é, kí ó má ṣe gbé ẹ̀rọ orin aláriwo lọ sí ibi tí àwọn baba ńlá ẹlòmíràn ti sunkún wọ ọkọ̀. Ní ti ìjọba ìbílẹ̀, èyí tí mo ń bèèrè kò le: kí wọ́n kọ́ èbúté gidi sí òdìkejì ọ̀sà, kí ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì wà nínú gbogbo ọkọ̀ fún onílé àti àlejò, kí apá kan nínú owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àlejò máa bọ́ sí àpò àwọn ìletò etí òkun, kí wọ́n sì fi òfin pa ibi tí a ti ń fa àwọ̀n mọ́, kí ẹnikẹ́ni má lè rà á, ì báà jẹ́ ọmọ onílẹ̀ ni yóò tà á.