Ẹ Jẹ́ Kí A Wọn Òjò Bí A Ti Ń Wo Oṣù

 

Nígbà tí ààwẹ̀ bá kù sí dẹ̀dẹ̀, gbogbo wa ni a ń gbé ojú sókè wá oṣù. A kì í bèèrè bóyá ọ̀mọ̀wé ni ẹni tí ó rí i tàbí alákàrà. Ohun tí a ń bèèrè ni pé, ṣé olóòótọ́ ni? Àwa tí a mọ irú iṣẹ́ yìí ṣe fún oṣù, èéṣe tí a kò fi ṣe é fún òjò?

Àwọn àgbà Ìbàdàn kò jẹ́ gbàgbé ọjọ́ 31 oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì 1980, tí odò Ògùnpa kún àkúnya, tí ó gbé ènìyàn àti dúkìá lọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì 2011, omíyalé tún pa ènìyàn tí ó ju 100 lọ ní ìlú kan náà.

Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Fort Collins, ní Amẹ́ríkà, ní oṣù Júláì 1997. Ènìyàn márùn-ún kú. Òjò tí ó ju íńṣì 10 lọ rọ̀ sí apá kan ìlú, díẹ̀ ni ó kan apá kejì. Ní 1998, Nolan Doesken, onímọ̀ ojú ọjọ́, kó àwọn ará ìlú jọ. Olúkúlùkù gbé ohun ìwọ̀n òjò sí àgbàlá rẹ̀, ó ń kà á láràárọ̀. Bí òjò kò rọ̀, wọn a kọ òdo, nítorí báyìí ni a fi ń mọ ọ̀dá. Lónìí, wọ́n ju 20,000 lọ, àwọn tí ń kìlọ̀ ìkún omi sì ń lo àkọsílẹ̀ wọn.

Ẹnìkan lè wí pé iṣẹ́ Ọlọ́run ni òjò, kí ló kàn wá? Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ Ọlọ́run náà ni oṣù, a sì ń wò ó.

Nítorí náà mo dábàá pé kí jámáà kọ̀ọ̀kan àti ẹgbẹ́ ọlọ́jà kọ̀ọ̀kan gbé ohun ìwọ̀n kan sí gbangba, kúrò lábẹ́ igi àti òrùlé. Agolo tí ẹnu àti ìdí rẹ̀ fẹ̀ dọ́gba, pẹ̀lú rúlà, tó fi bẹ̀rẹ̀. Kí ẹnìkan máa kà á lẹ́yìn ìrun àsùbáà, kí ó kọ ọ́ sínú ìwé. Bí ó bá di ọdún mẹ́wàá, ẹni tí yóò gbẹ́ gọ́tà tàbí tí yóò kọ́ ṣọ́ọ̀bù kò ní máa fi ojú díwọ̀n mọ́.

Ṣùgbọ́n bí a bá ń wọn òjò tí a sì ń da ilẹ̀ sínú odò, asán ni.

Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ mọ̀ pé súrà kan wà nínú Àlùkùránì, Al-Mutaffifin, tí a fi àwọn tí ń dín òṣùwọ̀n kù sọ lórúkọ. Ẹni tí kò bá ka òjò lónìí, kí ó fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo, kí ó má ṣe méfò. Ìwọ̀n èké lè pa ọmọ ẹni lọ́la.

Kí Ọlọ́run fi wá ṣe ẹlẹ́rìí òdodo. Àmín.