Kí Disque Dur Ó Tó Dákẹ́

Kọ̀ǹpútà alágbèéká tí ó ti tó ogún ọdún kì í ṣe ohun àjèjì nínú ilé wa ní Adja-Ouèrè, ní Ikpinlè tàbí ní Massè. Ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ta àlòkù ilẹ̀ Yúróòpù ní Kútọnu ni a ti rà á, a fi ṣiṣẹ́ títí ó fi ń falẹ̀, a sì gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù. A kò jù ú nù, nítorí a mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀: orin Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí a gbà sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà, oríkì ìdílé, ìtàn bí a ṣe tẹ abúlé dó, àkọsílẹ̀ ààlà oko. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ yìí kan náà ni UNESCO kéde ní ọdún 2001, ní orúkọ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò, pé ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ogún tí ó níye lórí fún gbogbo ẹ̀dá. Ṣùgbọ́n ìkéde kò lè dá ohùn ẹni tí ó ti lọ padà bí ẹ̀rọ tí ó gbà á sílẹ̀ bá bàjẹ́. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe lè yọ disque dur àtijọ́ kúrò, kí a sì fi ìpamọ́ tí kò ní ohun tí ń yí nínú rọ́pò rẹ̀.

Disque dur jẹ́ àwo kan tàbí méjì tí ń yí bìrìbìrì, ìgbà 4 200 tàbí 5 400 láàárín ìṣẹ́jú kan nínú kọ̀ǹpútà alágbèéká. Orí kékeré kan ń fò lókè àwo náà láìfi ara kàn án. Àlàfo àárín wọn tín-ín-rín ju irun orí lọ. Bí orí yìí bá kan àwo, ó ti họ ọ̀rọ̀ tí a kọ síbẹ̀ nù nìyẹn. IBM ni ó kọ́kọ́ gbé irú ẹ̀rọ yìí jáde ní ọdún 1956: àwo 50 ni ó wà nínú rẹ̀, síbẹ̀ kò gbà ju nǹkan bí àmì mílíọ̀nù 5 lọ. Ọ́fíìsì ni wọ́n ṣe é fún, wọn kò ṣe é fún ẹ̀yìn zémidjan ní ọ̀nà oko. Ìgbọ̀nrìrì, ìṣubú, iná tí ń lọ lójijì, ooru tí ń pọ̀ nígbà tí eruku ọyẹ́ bá dí fáànù: gbogbo rẹ̀ ni ó ń gé ẹ̀mí rẹ̀ kúrú.

Ìpamọ́ tuntun kò ní àwo. Iná mànàmáná ni a sé mọ́ inú àwọn yàrá kéékèèké tí ojú kò lè rí, ìyẹn ni ó sì dúró fún ọ̀rọ̀. Fujio Masuoka, ọmọ ilẹ̀ Japan tí ń ṣiṣẹ́ ní Toshiba, ni ó ṣe àwárí irú ìpamọ́ yìí, tí a ń pè ní flash, ní àwọn ọdún 1980. Fún kọ̀ǹpútà àtijọ́, ohun tí ó wúlò gan-an ni káàdì CompactFlash tí SanDisk gbé jáde ní ọdún 1994, nítorí èdè kan náà tí disque dur IDE ń sọ ni òun náà ń sọ. Adaptateur kékeré kan tí ó ní ihò fún eyín 44 ní apá kan, tí ó sì ní àyè káàdì ní apá kejì, ti tó. Wọn kò nílò ògbufọ̀ láàárín ara wọn. Lẹ́yìn ọdún 2003 ni SATA bẹ̀rẹ̀ sí í gbilẹ̀, SSD tí a ń tà lónìí yóò sì wọ inú irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, kí a tó náwó, ẹ jẹ́ kí a tú ìsàlẹ̀ kọ̀ǹpútà wò. Eyín irin tín-ín-rín tí ó tò ní ìlà méjì, IDE ni. Ẹnu pẹlẹbẹ tí kò ní eyín, SATA ni.

Ètò iṣẹ́ náà ṣe pàtàkì. Bí disque dur bá ti ń dún ká-ká-ká, ẹ má ṣe máa tan kọ̀ǹpútà náà láti wò ó. Títàn kọ̀ọ̀kan lè jẹ́ ìgbẹ̀yìn. Ẹ yọ ọ́, ẹ fi okùn USB so ó mọ́ kọ̀ǹpútà mìíràn tí ara rẹ̀ le, kí ẹ sì ṣe ẹ̀dà rẹ̀ látòkèdélẹ̀. Clonezilla ń ṣe iṣẹ́ yìí lọ́fẹ̀ẹ́. Fún àwo tí ó ti ní ọgbẹ́, ddrescue ni ó yẹ, nítorí ó ń kọ́kọ́ kó ibi tí ó dára kí ó tó padà sí ibi tí ó bàjẹ́. Lẹ́yìn èyí ni a ó da ẹ̀dà náà sínú ìpamọ́ tuntun. Ìpamọ́ náà kò gbọdọ̀ kéré ju àwo àtijọ́ lọ, kò sì yẹ kí ó tóbi jù: àwọn kọ̀ǹpútà tí ó dàgbà jù kò lè rí ju gígá 8,4 lọ, ọ̀pọ̀ tí ó tẹ̀ lé wọn kò sì lè rí ju gígá 137 lọ. Windows XP kò mọ àṣẹ TRIM, èyí tí ń sọ fún SSD pé àyè kan ti ṣófo. Ẹ fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ láìlò. Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú XP dúró ní ọjọ́ 8 oṣù kẹrin ọdún 2014, nítorí náà ẹ má ṣe so irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì.

Ẹnìkan lè béèrè pé: bí a bá ti kó fáìlì jáde, kí ni a tún ń tún ẹ̀rọ ṣe sí? Ìdáhùn wà nínú ọ̀nà tí a gbà kọ èdè wa. Láti ọdún 1975 ni ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ti ní álífábẹ́ẹ̀tì fún àwọn èdè orílẹ̀-èdè, tí ɛ àti ɔ wà nínú rẹ̀. Kí Unicode tó gbilẹ̀, àwọn tí ń tẹ̀wé máa ń lo fọ́ǹtì tí ó fi ɛ sí ipò àmì mìíràn. Bí a bá ṣí irú ìwé bẹ́ẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà òní tí kò ní fọ́ǹtì náà, àmì tí kò nítumọ̀ ni yóò kún ojú ewé. Lórí kọ̀ǹpútà àtijọ́, ó hàn kedere. Ẹ̀rọ náà ni kọ́kọ́rọ́ ìwé náà, títí a ó fi rí ẹni tí yóò yí i sí Unicode.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe àjèjì ní agbègbè wa. Ní Kútọnu, ní BloLab tí Médard Agbayizoun dá sílẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ ń kó ẹ̀yà kọ̀ǹpútà àlòkù jọ sínú kẹ́ẹ̀gì lítà 20, ó sì ń di kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní Jerry. Ní Lomé, Afate Gnikou ti WoeLab fi àlòkù ẹ̀rọ ṣe ẹ̀rọ ìtẹ̀ 3D tí ó ń jẹ́ W.Afate ní ọdún 2013. Ní Galadima, ní Abuja, àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ lo kọ̀ǹpútà XO ti One Laptop per Child ní ọdún 2007: kò sí disque dur nínú rẹ̀ rárá, flash ni wọ́n fi sí i. Ọwọ́ ara ẹni ni a fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe.

Ṣùgbọ́n kí a má tan ara wa jẹ. Flash pẹ̀lú ní àbùkù tirẹ̀. Bí a bá gbé e kalẹ̀ fún ọdún púpọ̀ láìfi iná sí i, pàápàá nínú ooru, iná inú rẹ̀ a máa jò lọ díẹ̀díẹ̀. Disque dur sábà máa ń kígbe kí ó tó kú. SSD lè dákẹ́ lójijì. Nítorí náà, ẹ̀dà mẹ́ta ni ó yẹ: ọ̀kan nínú kọ̀ǹpútà, ọ̀kan nínú àpótí ilé, ọ̀kan lọ́dọ̀ ẹbí ní Pobè tàbí ní Àjàṣẹ́, kí àjálù ilé kan má bàa kó gbogbo rẹ̀ lọ. Disque dur àtijọ́ náà, ẹ má ṣe sun ún, ẹ má ṣe sọ ọ́ sóko; ẹ tọ́jú rẹ̀, òun ni ẹ̀dà kẹrin.

Ohun kan kù tí ẹ̀rọ kankan kò lè ṣe fún wa. Fáìlì tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ « audio 003 » lè pẹ́ títí nínú SSD, ṣùgbọ́n bí ẹni tí ó dá ohùn náà mọ̀ bá kú, ohùn ènìyàn kan ṣá ni yóò kù. Nígbà tí a bá ń ṣe ẹ̀dà, ẹ jẹ́ kí a pe àgbà kan jókòó tì wá, kí a jọ gbọ́ ọ, kí a sì kọ ọ́ sílẹ̀: ta ni ó ń kọrin, ní abúlé wo, ní ọdún wo, ọmọ ta ni. Iṣẹ́ tournevis kì í pẹ́. Iṣẹ́ orúkọ ni ó ń fẹ́ sùúrù, òun sì ni kò ṣeé sún síwájú.