Nọ́ọ̀tì Oníkọ́kọ́rọ́ Tó Kọ̀ Tí Kò Tú

Bí aṣọ òkìrìkà ṣe máa ń dé Kantamanto ní Accra láìní bọ́tìnnì nígbà mìíràn, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ tòkunbọ̀ náà ń dé ọwọ́ wa láìsí kọ́kọ́rọ́ nọ́ọ̀tì. Nọ́ọ̀tì kan lára wíìlì ni wọ́n fi ń dènà olè. Sípánà lásán kì í tú u. Ọjọ́ tí táyà bá jò lẹ́bàá ọjà, tẹbí-tẹrù ló ń há sójú ọ̀nà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo àpótí kékeré iwájú ọkọ̀ àti ibi tí sípíà táyà wà. Bí a kò bá rí kọ́kọ́rọ́, tàbí tí orí nọ́ọ̀tì ti jẹ, ẹ jẹ́ ká ránṣẹ́ pe mẹkáníìkì láti Abossey Okai, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Accra. Yóò fi òòlù gbá sọ́kẹ́ẹ̀tì tó kéré díẹ̀ wọ orí nọ́ọ̀tì náà títí yóò fi mú un pinpin, yóò wá fi irin gígùn yí i sí òsì. Táyà gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀, kí a sì fa háńbíréèkì. Ó dìgbà tí nọ́ọ̀tì bá dẹ̀ kí jáàkì tó gbé ọkọ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fi iná gáàsì yọ ọ́, ká kọ̀ jálẹ̀. Táyà tó gbóná jù lè bú gbàmù, ó sì lè pa èèyàn.

Nọ́ọ̀tì lásán tó bá àwọn yòókù mu la ó fi rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó bá ń ra tòkunbọ̀, kó gba kọ́kọ́rọ́ nọ́ọ̀tì kó tó sanwó.