Èéfín Ń Gba Imú Wọ Ọpọlọ

Bí a bá dárúkọ èéfín, ikọ́ àti ojú tí ń ta ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rántí. Ní tèmi, ọ̀rọ̀ náà kọjá àyà àti ojú. Ó kan ọpọlọ pẹ̀lú, imú sì ni ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

Ní òkè ihò imú ni àwọn iṣan tí a fi ń gbóòórùn wà. Egungun tẹ́ẹ́rẹ́ kan, tí ó ní ihò wínníwínní bí asẹ́, ni ó wà láàrin wọn àti ọpọlọ. Inú ihò wọ̀nyí ni iṣan náà ń gbà dé ọ̀hún. Èéfín ọkọ̀, ti ẹ̀rọ amúnáwá àti ti pàǹtí tí a ń sun ní ẹ̀rún nínú tí ojú kò lè rí. Èyí tí ó kéré jù lọ nínú wọn lè bá ọ̀nà iṣan yìí wọlé.

Ní ọdún 2016, Barbara Maher ti Yunifásítì Lancaster àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kéde pé àwọn bá irú ẹ̀rún irin bẹ́ẹ̀ nínú ọpọlọ àwọn òkú 37 tí wọ́n yẹ̀ wò, láti Mexico City àti Manchester. Ní ọdún 2006, a ti fi àwọn ará Mexico City wé àwọn ará Tlaxcala, níbi tí afẹ́fẹ́ ti mọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ará Tlaxcala ni ó tètè ń gbóòórùn kọfí àti ohun mímu ọlọ́sàn. Ní 2020, àwọn àgbà oníṣègùn tí ìwé ìròyìn Lancet kó jọ ka afẹ́fẹ́ ìdọ̀tí mọ́ ohun 12 tí ó lè fa àrùn ìgbàgbé ọjọ́ ogbó.

Ẹlòmíràn yóò ní, “Igi ni ìyá wa fi dáná, wọ́n sì gbó.” Òótọ́ ni, àwọn kan gbó. Ṣùgbọ́n ta ni ó ka àwọn tí kò gbó?

Ẹ má ṣe fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú imú. Gáàsì ìdáná kò ní òórùn fúnra rẹ̀. Ńṣe ni a ń fi ohun olóòórùn sí i kí onílé lè mọ̀ bí ó bá ń jò. Ìyá ilé tí imú rẹ̀ ti kú yóò ṣáná sí i láìmọ̀. Nítorí náà, bí ẹ kò bá gbóòórùn bí ti àtẹ̀yìnwá, ẹ lọ rí dókítà; ó lè jẹ́ ọ̀fìnkìn, ọjọ́ orí tàbí àrùn mìíràn ni ó fà á.

Ẹ gbé ẹ̀rọ amúnáwá jìnnà sí fèrèsé yín àti ti aládùúgbò. Ẹ má ṣe tàn án nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ láé, nítorí carbon monoxide tí ń bẹ nínú èéfín rẹ̀ kò ní òórùn rárá, ó sì ń pani lójú oorun. Ẹ má ṣe sun ọ̀rá àti táyà. Ẹ má ṣe pọn ọmọ sẹ́yìn nídìí iná eléèéfín.

Ṣùgbọ́n onílé kan kò lè dá a ṣe. Èéfín kò mọ ògiri. Nígbà tí èéfín pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ní Lọ́ńdọ̀nù ní Oṣù Kejìlá 1952, ìjọba ibẹ̀ ṣe òfin afẹ́fẹ́ mímọ́ ní 1956. Kí ìjọba tiwa náà pèsè iná mànàmáná tí kì í kú, kí wọ́n sì máa kó pàǹtí lásìkò. Títí di ìgbà náà, kí olúkúlùkù ṣọ́ ẹnu ọ̀nà tirẹ̀.