Ìbọn Lọ́wọ́ Gbogbo Ènìyàn Kọ́ Ni Ààbò Ilẹ̀ Yewa

Láti oṣù Kejì ọdún 2021, tí àwọn apànìyàn wọ àwọn abúlé agbègbè Ẹ̀gùá, tí àgbẹ̀ fi oko sílẹ̀, tí ìyá pọn ọmọ sá kọjá ààlà lọ sí ilẹ̀ Benin, ọ̀rọ̀ kan ti gba ẹnu àwọn ọ̀dọ́ kan láti Ìlaró títí dé Ayétòrò. Wọ́n ní ìjọba kò lè gbani mọ́, nítorí náà kí olúkúlùkù wá ìbọn tirẹ̀ ní ọ̀nà tí ó bá rí i. Wọ́n ní bí wọ́n ti ń ṣe ní Amẹ́ríkà nìyẹn. Wọ́n ń sọ ọ́ ní gáréèjì, wọ́n ń sọ ọ́ nídìí iṣẹ́, àwọn kan kò sì tijú láti sọ ọ́ ní iwájú mọ́sálásí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀.

Ìbínú wọn kì í ṣe ìbínú asán. Ẹni tí kò lè sùn ní abà bàbá rẹ̀ mọ́ kì í ṣe ẹni tí a ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ìbínú kì í ṣe ìmọ̀ràn. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn, ìbọn tí kò ní ìwé, tí kò ní olùṣọ́, iná orí òrùlé ni.

Ohun tí òfin wí

Ọ̀pọ̀ àwọn tí ń pariwo pé òfin Nàìjíríà já ìbọn gbà lọ́wọ́ àgbẹ̀ ni kò tíì gbọ́ ohun tí òfin náà wí rí. Òfin ìbọn tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1959 pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Ọ̀nà kìíní ni èyí tí a kà léèwọ̀ fún ará ìlú: ìbọn arọ̀jò-ọta, ìbọn ológun, ìbọn ìléwọ́, àti pump-action oríṣiríṣi. Ààrẹ orílẹ̀-èdè nìkan ni ó lè fi àṣẹ sí i. Ọ̀nà kejì ni ìbọn ọdẹ ẹlẹ́nu kan àti ẹlẹ́nu méjì, pẹ̀lú àwọn irú rẹ̀. Ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Àgbà Ọlọ́pàá ni àṣẹ rẹ̀ ti ń wá. Ọ̀nà kẹta ni ṣakabùlà tí a ń ki ẹ̀tù sí lẹ́nu, èyí tí àwọn baba ńlá fi ṣọdẹ. Òfin ya ìyẹn sọ́tọ̀, kò kà á mọ́ ìbọn ogun.

Òfin kan náà ní kí a má ṣe fún ẹni tí kò tó ọmọ ọdún 17 ní àṣẹ, tàbí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé, tàbí ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran tó, tàbí ọ̀mùtí tí kò lè kó ara rẹ̀ níjàánu, tàbí ẹni tí ilé-ẹjọ́ ti dá lẹ́bi ìwà ipá láàrin ọdún márùn-ún tí ó kọjá. Ta ni nínú àwọn tí ń pariwo ni ó fẹ́ kí ọ̀mùtí àdúgbò rẹ̀ ní ìbọn? Bí kò bá sí ẹni tí ó fẹ́ bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé gbogbo wọn gbà pé ó yẹ kí ẹnì kan wà tí yóò yẹ àwọn ènìyàn wò kí ìbọn tó tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́. Ìyẹn gan-an ni iṣẹ́ ìwé àṣẹ.

Ibi tí ẹjọ́ wọn ti tọ́ wà. Bí àgbẹ̀ olóòótọ́ kò bá mọ ẹnu ọ̀nà tí yóò kàn kí ó tó rí àṣẹ gbà, òfin ti di ẹrù lé e lórí. Bákan náà, òfin ọdún 1984 lórí ìdigunjalè àti ohun ìjà fi ìtanràn 20,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní ọdún 10, tàbí méjèèjì, ti ẹni tí a bá ká ìbọn àìgbàṣẹ mọ́ lọ́wọ́. Ní ọdún tí a kọ ọ́, owó ńlá ni 20,000 náírà. Lónìí, owó náà kò ra àpò ìrẹsì kan. Nígbà tí adájọ́ lè mú ọ̀kan nínú méjèèjì, olówó lè sanwó kí ó máa lọ sílé, kí tálákà lọ lo ọdún mẹ́wàá. Irú àlébù bẹ́ẹ̀ yẹ ní títúnṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tí ilé rẹ̀ ń jò, òrùlé ni ó ń tún ṣe, kì í wó ilé.

Amẹ́ríkà tí wọ́n ń tọ́ka sí

Òótọ́ ni pé àtúnṣe kan tí wọ́n fi kún ìwé òfin Amẹ́ríkà ní ọdún 1791 sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀tọ́ láti ní ohun ìjà, ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ wọn sì dájọ́ ní ọdún 2008 pé ẹ̀tọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan ni. Wọ́n fojú bù ú pé ní ọdún 2017, ìbọn tí ó wà lọ́wọ́ ará ìlú níbẹ̀ tó 393 mílíọ̀nù, ó ju iye ènìyàn orílẹ̀-èdè náà lọ. Bí ìbọn bá jẹ́ ààbò, kò yẹ kí ilẹ̀ kankan láyé ní ìfọ̀kànbalẹ̀ tó Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2021 nìkan, ènìyàn 48,830 ni ìbọn pa níbẹ̀. Èyí tí ó ju ìdajì wọn lọ ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ara rẹ̀. Ìbọn tí wọ́n rà sílé nítorí olè, onílé ni ó mú lọ.

Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn rí àpẹẹrẹ, wọ́n sì kọ́gbọ́n. Ní oṣù Kẹta ọdún 1996, ọkùnrin kan tí ó ní àṣẹ ìbọn wọ ilé-ìwé kan ní Dunblane ní Scotland, ó pa ọmọdé 16 àti olùkọ́ wọn. Nígbà tí ọdún 1997 fi parí, ìjọba Bìrìtìkó ti fi òfin gba ìbọn ìléwọ́ lọ́wọ́ ará ìlú. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1996 kan náà, wọ́n pa ènìyàn 35 ní Port Arthur ní Australia. Ìjọba ibẹ̀ ra ìbọn bí 650,000 padà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn, ó sì bà wọ́n jẹ́.

Mùsùlùmí kò gbọ́dọ̀ gbàgbé Christchurch. Ní ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ 15 oṣù Kẹta ọdún 2019, ọkùnrin kan wọ mọ́sálásí méjì ní New Zealand, ó sì pa ènìyàn 51 tí wọ́n wá jọ́sìn. Kò jí ìbọn rẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá ilẹ̀ náà ni wọ́n fún un ní ìwé àṣẹ ní ọdún 2017. Kò pé oṣù kan lẹ́yìn ìpànìyàn náà tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ibẹ̀ fi ìbò 119 sí 1 ka irú ìbọn bẹ́ẹ̀ léèwọ̀. Ọ̀dọ́ Mùsùlùmí tí ó sunkún fún àwọn òkú wọ̀nyẹn, tí ó tún ń fẹ́ kí ìbọn wà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tí ó bá ti lówó, kò tíì mọ ohun tí ó ń sunkún lé lórí.

Ìtàn Yewa fúnra rẹ̀

Àwọn kan yóò ní Amẹ́ríkà jìnnà, Bìrìtìkó ní ọlọ́pàá tí ń dáhùn ìpè, ṣùgbọ́n ní igbó Ìjọun àti Ìmẹ̀kọ, kí ọlọ́pàá tó dé, wọ́n ti sin òkú. Ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn, ìtàn ilẹ̀ yìí ni yóò sì dá a lóhùn.

Ìbọn kò wọ́n ní ilẹ̀ Yewa ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ó ń gba Èkó wọlé, ó ń gba Àgbádárìgì àti Àjàṣẹ́ wọlé. Ta ni ó fọkàn balẹ̀ sùn? Àwọn ọmọ ogun Dàhọ̀mì pa Òkè-Odàn run ní ọdún 1848. Wọ́n pa Kétu run ní ọdún 1886. Bí ìbọn ti ń pọ̀ sí i ni àwọn tí wọ́n ń kó lẹ́rú ń pọ̀ sí i, nítorí ẹrú ni wọ́n ń tà kí wọ́n lè ra ìbọn. Níbi tí òfin kò bá ti lágbára, ìbọn kì í sọ aláìlera di alágbára. Alágbára ni ó ń rà á jù. Nígbà tí ogun rọlẹ̀, orúkọ tí àwọn tí ó kóra jọ fún ibùgbé wọn ni Ayétòrò. Wọ́n ti mọ ayé tí kò tòrò.

Àwọn mìíràn ní ẹ̀tàn òyìnbó ni òfin ìbọn. Ọ̀rọ̀ náà ní ìdí. Ní ọdún 1890, àwọn aláwọ̀ funfun ṣèpàdé ní Brussels, wọ́n fi òfin dí ọ̀nà ìbọn tuntun sí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà, wọ́n fi ìbọn olókùúta ìṣáná sílẹ̀ fún aláwọ̀ dúdú. Ṣùgbọ́n ta ni ó kọ àdéhùn ECOWAS lórí ohun ìjà kéékèèké ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹfà ọdún 2006? Àwọn ọmọ Áfíríkà fúnra wọn ni, Àbújá ni wọ́n sì ti fọwọ́ sí i. Ó de Nàìjíríà, ó de Benin. Ó ní kí a fi àmì sára ìbọn, kí a kọ ọ́ sílẹ̀, kí ará ìlú kankan má sì ní ìbọn láìgbàṣẹ.

Ẹrù onífàyàwọ́

Ọ̀nà wo ni ìbọn tí wọ́n ń sọ yìí yóò gbà wọlé? Kò sí ará ààlà tí ó nílò kí a dáhùn. Ní oṣù Kìíní ọdún 2017, àwọn aṣọ́bodè gba pump-action 661 ní Èkó, wọ́n fi ilẹ̀kùn irin bò ó nínú kọ̀ńténà. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún kan náà, wọ́n tún gba 1,100. Ẹni tí ń ta irú ẹrù bẹ́ẹ̀ kì í béèrè bóyá àgbẹ̀ ni oníbàárà òun tàbí ajínigbé. Owó tí ọ̀dọ́ Yewa bá san fún un ni yóò fi kó èyí tí yóò tà fún ọ̀tá Yewa wọlé.

Ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò gbà kí a dojú rẹ̀ kọ òun? Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọ̀ fún Mùsùlùmí láti na ohun ìjà sí arákùnrin rẹ̀, ìbáà ṣe àwàdà. Ó sì pàṣẹ fún ẹni tí ó bá gbé ọfà gba inú mọ́sálásí tàbí ọjà kọjá pé kí ó di orí rẹ̀ mú, kí ó má baà ṣe ẹnikẹ́ni léṣe. Bí ọfà bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni a ó wí sí ìbọn tí wọ́n ń yìn sókè níbi ìgbéyàwó àti òkú àgbà, tí ọta rẹ̀ kò mọ ọmọ ẹni tí yóò bà?

Ohun tí ó yẹ

Kí ìjọba mú àṣẹ ìbọn ọdẹ sún mọ́ àgbẹ̀, dé olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, láìsí rìbá. Kí ó kọ ṣakabùlà gbogbo ọdẹ sílẹ̀, kí ó sì fi àwọn ọdẹ tí ìlú mọ orúkọ àti ìwà wọn kún Àmọ̀tẹ́kùn, èyí tí àwọn gómìnà ìwọ̀-oòrùn gúúsù gbé kalẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 9 oṣù Kìíní ọdún 2020. Ìjọba tí kò bá ṣọ́ abúlé kò lẹ́nu láti bá ẹni tí ń ṣọ́ ara rẹ̀ wí.

Ní ti ọ̀dọ́, iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti béèrè nǹkan wọ̀nyí lọ́wọ́ alága ìbílẹ̀ àti aṣòfin rẹ̀ láìsinmi, láti dúró ti àwọn ẹ̀ṣọ́ ìlú, kí ó sì kọ̀ jálẹ̀ láti ra ẹrù onífàyàwọ́. Bí ara ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Ọ̀dọ́ tí ó bá mọ ilé tí irú ìbọn bẹ́ẹ̀ wà tí ó sì dákẹ́, ara ilé ni.

Kí Ọlọ́hun fi ìfọ̀kànbalẹ̀ sí ilẹ̀ Yewa, kí Ó má jẹ̀ẹ́ kí a fi ọwọ́ ara wa ra ohun tí yóò pa wá.