Bí Ọmọ Bá Dé Tán, Ta Ló Kù Tó Ń Wo Ọkàn Ìyá?

Ní Amẹ́ríkà, gbogbo ojú ló máa ń wà lára aboyún. Wọ́n á wọn ìfúnpá rẹ̀, wọ́n á yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n á gbé e sórí ìwọ̀n. Ọjọ́ tó bá sọ̀ kalẹ̀ ni gbogbo ojú yóò yí sọ́dọ̀ ọmọ. Àwọn Látínà, ìyẹn àwọn obìnrin tí ìran wọn ṣẹ̀ wá láti Mẹ́síkò, Puerto Rico, Guatemala àti àwọn ilẹ̀ mìíràn tí wọ́n ti ń sọ èdè Sípáníìṣì, wà lára àwọn tí àìbìkítà yìí ń pa lára jù.

Oyún a máa tú àṣírí ara. Ibi ọmọ ń da họ́mọ̀nù sínú ẹ̀jẹ̀ ìyá, họ́mọ̀nù yìí kì í sì í jẹ́ kí insulin, tó ń mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ṣiṣẹ́ bó ti yẹ. Ara tó bá lágbára rẹ̀ yóò pèsè insulin sí i. Èyí tí kò bá lágbára rẹ̀, ṣúgà á gun òkè, ó di àtọ̀gbẹ inú oyún. Àrùn yìí ń mú Látínà ju obìnrin aláwọ̀ funfun lọ. Bí ibi bá ti jáde, ṣúgà sábà máa ń wálẹ̀, ìyá á ní ọ̀rọ̀ ti parí. Kò parí rárá. Àkójọ ìwádìí tí ìwé ìròyìn ìṣègùn BMJ gbé jáde ní 2020 fi hàn pé ewu kí irú obìnrin bẹ́ẹ̀ wá ní àtọ̀gbẹ gidi lọ́jọ́ iwájú fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́wàá ti ẹni tí ṣúgà rẹ̀ kò gun òkè nínú oyún. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀jẹ̀ ríru tó le nínú oyún ń sọ ewu àìsàn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ di nǹkan bí ìlọ́po méjì.

Ohun tó ń dunni ni pé a lè dènà púpọ̀ nínú rẹ̀. Ní 2002, ìwádìí ńlá kan ní Amẹ́ríkà lórí àwọn tí àtọ̀gbẹ ti ń kanlẹ̀kùn wọn fi hàn pé kí èèyàn máa rìn kánmọ́kánmọ́ fún 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀, kó tún oúnjẹ rẹ̀ ṣe, kó sì dín ìwọ̀n ara rẹ̀ kù ní ìdá 7 nínú 100, ń dín àtọ̀gbẹ kù ní ìdá 58 nínú 100. Fún ẹni tó wọn 80 kílò, ìyẹn kò tó kílò 6. Kò sí oògùn olówó iyebíye nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ rìn in? Ṣé obìnrin tó ń ti hòtẹ́ẹ̀lì dé lẹ́yìn tó tẹ́ bẹ́ẹ̀dì láti àárọ̀? Òfin ìsinmi tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 1993 fún òṣìṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ 12, láìsan kọ́bọ̀. Ibi iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kò tó 50 kò sí lábẹ́ òfin náà, ẹni tí kò sì tíì pé ọdún kan lẹ́nu iṣẹ́ kò lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ẹni tó bá ń sọ fún irú ìyá bẹ́ẹ̀ pé kó lọ máa ṣe eré ìdárayá, tí kò bá a gbé ọmọ, tí kò fún un láyè, ẹ̀bi ló ń dì lé e lórí.

Àwọn Látínà ní àṣà kan tí wọ́n ń pè ní la cuarentena, ìyẹn ogójì ọjọ́ ìsinmi fún ọlọ́mọ tuntun. Ìyá, àǹtí àti ẹ̀gbọ́n obìnrin á péjọ, wọ́n á se omi ọbẹ̀ adìẹ, wọ́n á gba iṣẹ́ ilé lọ́wọ́ rẹ̀, wọn kò ní jẹ́ kí òtútù fọwọ́ kàn án. Yorùbá tó ti rí ìyá ọkọ tó wá wẹ ọmọ tuntun mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Nígbà tí wọ́n kó wá sí Amẹ́ríkà, ìyá àgbà wà lódìkejì ẹnubodè, àǹtí náà ń lọ síbi iṣẹ́. Àwọn kan a máa wo àṣà yìí bí ìdènà, nítorí pé kì í jẹ́ kí ìyá jáde rìn. Wọ́n ṣì í. Ọwọ́ tó ń se omi ọbẹ̀ lógójì ọjọ́ àkọ́kọ́ ni ọwọ́ tó yẹ kó gbé ọmọ dání nígbà tí ìyá bá ń rìn ní oṣù kẹrin. Ó yẹ kí ìtọ́jú náà gùn dé ọdún kan ni.

Èyí kì í ṣe àlá. Ní Phoenix, Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Arizona ṣe ètò Madres para la Salud, níbi tí àwọn promotora, àwọn obìnrin àdúgbò tí wọ́n kọ́ ní iṣẹ́ ìlera, ti ń kó àwọn ìyá jọ láti rìn pọ̀. Ní California, ètò Fit Moms gba 371 ìyá, tí Látínà pọ̀ jù nínú wọn, ní ibùdó WIC 12. WIC ni ètò ìjọba tó ń fún ìyá àti ọmọ tálákà ní wàrà, ẹyin àti ẹ̀wà. Fún apá kan nínú àwọn ìyá náà, wọ́n fi ẹ̀kọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àtẹ̀jíṣẹ́ àti ìpàdé ojúkojú kún ohun tí WIC ń ṣe tẹ́lẹ̀, ní èdè Sípáníìṣì àti Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn oṣù 12, ìwọ̀n wọn fi kílò 3.2 dín kù. Ti àwọn tí WIC nìkan ń tọ́jú jẹ́ 0.9. Ó kéré lójú, àmọ́ ibi tí àwọn ìyá ti ń lọ gba oúnjẹ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ti bá wọn, wọn kò dá ìrìn àjò mìíràn sí wọn lọ́rùn.

Àwọn kan ní olúkúlùkù ló ni ẹnu rẹ̀, kó ṣọ́ ohun tó ń jẹ. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu nìkan kọ́ ló ń pinnu ìlera, òfin náà ní ipa tirẹ̀. Láti 2002, ìlànà ìjọba àpapọ̀ gba ìpínlẹ̀ láyè láti sanwó ìtọ́jú oyún obìnrin tí kò ní ìwé ìgbélùú, ní orúkọ ọmọ inú rẹ̀. Bí ọmọ bá jáde, ètò náà kì í sábà kan ìyá mọ́. Bẹ́ẹ̀, láàrin ọ̀sẹ̀ kẹrin sí ìkejìlá lẹ́yìn ìbímọ ló yẹ kí ẹni tó ní àtọ̀gbẹ inú oyún tún yẹ ṣúgà rẹ̀ wò. Láti 2022, ìpínlẹ̀ lè fa ìtọ́jú lábẹ́ Medicaid, ètò ìlera ìjọba fún tálákà, gùn láti 60 ọjọ́ dé ọdún kan lẹ́yìn ìbímọ, ọ̀pọ̀ sì ti ṣe é. Àǹfààní yẹn gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò ní ìwé náà. Kí ìjọba máa san owó oṣù fún promotora. Kí dókítà ọmọ tó ń fún ọmọ oṣù méjì, mẹ́rin àti mẹ́fà ní abẹ́rẹ́ àjẹsára sì wọn ìfúnpá ìyá tó gbé e wá, nínú yàrá kan náà, lọ́jọ́ kan náà.